Orúnkún Kẹta

Bremen, ilẹ̀ Jámánì
Ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 1997

Nilüfer ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ibi tí oòrùn ti ń pẹ́ jáde tó sì ń tètè wọ̀. Ṣé ara le? Ṣé onílé rẹ ní Bornova ti bá ọ tún sítóòfù yẹn ṣe, àbí aṣọ òtútù lo ṣì ń wọ̀ sùn? Èmi wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ni mo fi wà.

Má fòyà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀, ó ń dán bíi gíláàsì. Bí mo ṣe fẹ́ gòkè sínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ẹsẹ̀ òsì mi dúró sílẹ̀, gbogbo ara mi yí. Mo gbọ́ nǹkan tó já nínú orúnkún mi bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àwọn èèyàn gbé mi dìde, wọ́n gbọn yìnyín kúrò lára ẹ̀wù mi, ọkọ̀ sì lọ.

Dókítà ní iṣan kan tó wà láàárín gbùngbùn orúnkún ti já, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú náà sì fara pa. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó ń pariwo ju àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wa lọ, wọ́n ya inú orúnkún mi ní abala-abala bí ẹni gé búrẹ́dì. Wọ́n kó fíìmù rẹ̀ fún mi sínú àpò ìwé ńlá. Mo gbé e sójú fèrèsé wò, kùrukùru ni mo rí.

Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti ní kí n máa sinmi nílé ná. Ìsinmi ọ̀hún kò mọ́ mi lára. Àjà kẹta ni mo ń gbé, o mọ̀, tí mo bá ti gòkè, mo gòkè nìyẹn.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà rẹ kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò ka ti tẹlifóònù sí lẹ́tà. Lórí tẹlifóònù, ìwọ á ní ṣé ẹ wà, èmi á ní mo wà, a ó wá máa gbọ́ èémí ara wa títí káàdì á fi tán. Bá mi fi ìyẹ̀fun ọbẹ̀ tarhana ránṣẹ́ bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé kò ní rí bíi ti ìyá mi. Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ,
Satı


İzmir
Ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 1997

Ìyá mi,

Mo fi ẹnu ko ọwọ́ yín, mo gbé e kan iwájú orí mi. Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ kú ìrora náà. Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé. Ní ọjọ́ ọdún mo lọ sí Ödemiş, ìlú wa, mo gbálẹ̀ ojú oórì ìyá àgbà, mo bu omi sórí rẹ̀, mo sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò lè wọ inú ilé rẹ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn ará ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí à ń wò níbí, Ọlọ́run ló ṣe é. Orúnkún ni. Orí egungun itan jókòó lórí egungun ojúgun bí ìgbà tí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù méjì sórí àwo tí kò jinlẹ̀. Bí kò bá sí iṣan tó dè wọ́n, wọn yóò yọ̀ kúrò lórí ara wọn. Mẹ́rin ló ṣe kókó nínú iṣan wọ̀nyí. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Méjì yòókù gba àárín kọjá, wọ́n sì dábùú ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dábùú ara wọn ló já lára yín.

Iṣẹ́ tèmi ni láti fi ìṣirò ya àwọn iṣan yìí sínú kọ̀ǹpútà. Mo máa ń fi àmì síbi tí iṣan ti hù lára egungun òkè, mo máa ń fi òmíràn síbi tó ti dì mọ́ egungun ìsàlẹ̀, mo máa wá fa ìlà láàárín wọn. Ìlà náà máa ń pọ̀, torí iṣan kì í ṣe okùn kan ṣoṣo, fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ bí ọwọ̀ tí wọ́n dì. Níbi tí egungun bá ti yọ, ìlà á yí gba ara egungun kọjá. Lẹ́yìn náà, mo máa ká orúnkún náà díẹ̀díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo máa wo fọ́nrán tó le àti èyí tó dẹ̀. Bí àmì mi bá fi orí abẹ́rẹ́ yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Àwòrán orúnkún méjì péré la ní, ti ọkùnrin ni méjèèjì, ọ̀dọ́ sì ni wọ́n. Ẹ̀rọ ayàwòrán tó wà níbí, àwọn aláìsàn ni wọ́n ń fi tọ́jú, kì í ráyè fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fíìmù yín ránṣẹ́ sí mi. Bí iṣan bá tiẹ̀ ti já, ibi tó ti hù àti ibi tó ti dì mọ́ ṣì máa ń hàn.

Mo kọ àwọn ìbéèrè kan sẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀. Tarhana ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n onílé mi.

Ọmọ yín,
Nilüfer


Bremen
Ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 1997

Nilüfer, ojú mi,

Tarhana dé. Mo sè é lọ́jọ́ náà gan-an, mo jẹ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ. Ó rí bíi ti ìyá mi díẹ̀. Iyọ̀ ló kù.

Mo ti fi fíìmù ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí wọ́n má ká a. Ìbéèrè rẹ kún ojú ìwé kan. Mo kà á, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ po tíì, mo tún padà wá kà á. Láti ìgbà tí mo ti wà nílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi àwọn tó ń fún èèyàn ní ìwé ìgbélùú.

O bèèrè bóyá orúnkún mi máa ń yẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń yẹ̀. Nítorí náà, ìdí ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, mo ń jókòó lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá Lührs, opó arúgbó tó ń gbé lábẹ́ mi, ṣí ilẹ̀kùn, ó rí mi. Ó wọlé, ó gbé ìrọ̀rí wá, ó tì í sábẹ́ mi, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. A ti ń gbé ilé kan náà láti ọjọ́ tó pẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ṣe mí lálejò nìyẹn.

O bèèrè ìgbà tó máa ń dùn mí jù. Ìrọ̀lẹ́ ni. O bèèrè ẹ̀gbẹ́ wo. Inú ni. O ò bèèrè ohun tí mo ń ṣe nígbà tó bá ń dùn mí, ṣùgbọ́n màá sọ fún ọ. Mo máa ń tan rédíò, mi kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ nínú yàrá ni.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì rèé. Dókítà ní àwọn lè gé iṣan díẹ̀ níbòmíràn lẹ́sẹ̀ mi, kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó já. Ó tún ní mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n máa ṣe eré ìdárayá, kí n má gbé ẹrù mọ́. Ó ní kí n yàn. Mo ní ọmọ mi ló mọ orúnkún, òun ni yóò yàn fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní àkókò títí di ìparí oṣù karùn-ún.

Mò ń retí èsì rẹ.

Ìyá rẹ


İzmir
Ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1997

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọdún iléyá tó kọjá. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìgbàgbé.

Fíìmù yín dé láìká. Ẹ ò lè mọ bí ó ti mọ́ tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tarhan, ọ̀gá wa, gbé e síwájú iná, ó ní irú èyí kò wọ inú yàrá yìí rí. Mo fi ọwọ́ tọ etí egungun ní abala kọ̀ọ̀kan, mo fi gbogbo abala náà lé ara wọn, egungun itan yín sì dìde lórí kọ̀ǹpútà mi bí òkè. Mo máa ń yí i, mo ń wò ó láti ẹ̀yìn, láti abẹ́. Mo ti rí ibi tí iṣan àárín ti hù, ó kéré ju ti àwọn ọkùnrin méjì yẹn lọ, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí mo bá ká orúnkún náà, fọ́nrán iwájú á le, ti ẹ̀yìn á dẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Iṣan inú nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

A ṣe ìpàdé kan ní Ankara. Mo gbé iṣẹ́ náà sára pátákó, àwọn èèyàn dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè. Oníṣẹ́-abẹ kan wá láti Erzurum, ó ní òun fẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Fọ́tò ìpàdé náà ni mo fi sínú ìwé yìí. Mo ra ẹ̀wù tí mo wọ̀ yẹn nítorí ọjọ́ náà ni.

Ẹ máa ṣe eré ìdárayá yín. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ fún ìsinmi?

Nilüfer


Bremen
Ọjọ́ 14, oṣù keje, ọdún 1997

Nilüfer,

Mo rí lẹ́tà rẹ, mo rí fọ́tò. Kú iṣẹ́. Ẹ̀wù náà yẹ ọ́.

Mo ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo tún wo inú àpò ìwé bóyá abala kan há sínú rẹ̀. Ohun tí mo bèèrè kò sí níbẹ̀.

Oṣù karùn-ún parí. Dókítà pè mí, mo ní ọmọ mi kò tíì fèsì. Ó pè mí nínú oṣù kẹfà, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ mi ń ṣàìsàn ni. Mo ní rárá, ó ń ṣiṣẹ́ lórí orúnkún mi. Ojú tì mí bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Wọ́n ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

Mo mú gíláàsì tí mo fi ń kàwé, mo fi ka ohun tí o kọ sára pátákó nínú fọ́tò yẹn. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Orúnkún kẹta, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ẹsẹ̀ òsì. O dúró tì í, o ń rẹ́rìn-ín. Mo kó gbogbo fọ́tò rẹ tó wà lọ́wọ́ mi jáde, mo wá èyí tí o ti rẹ́rìn-ín báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rí i.

Mi ò ní wá lọ́dún yìí. Ẹsẹ̀ yìí kò lè ká sínú ọkọ̀ òfuurufú. Dá fíìmù mi padà, àwọn dókítà fẹ́ lò ó.

Satı


İzmir
Ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 1997

Ìyá mi,

Mo kí yín. Fíìmù yín wà nínú àpò kejì, ó pé.

Ẹ bínú, ó tọ́ kí ẹ bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, torí bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ẹ ní kí n yàn fún yín. Ìgbà wo ni ẹ ti bi mí rí kí n yan nǹkan? Bàbá kú, ẹ lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, ẹnikẹ́ni ò bi mí. Lọ́dọọdún ẹ máa ń wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́, kí n tó mọ bí a ṣe ń pè yín ní ìyá láìtijú, ẹ ti lọ. Nígbà tí ibà fẹ́ pa mí ní kékeré, ìyá àgbà ló jókòó tì mí lálẹ́ àti lọ́sàn-án. Ẹ ò wá. Nígbà tí ìyá àgbà náà kú, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ dé lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín ni pé kí ló dé tí a ò dúró dè yín. Ṣé òkú máa ń dúró ni?

Mo ti kọ ọ́. Mi ò ní pa á rẹ́.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù ló bà mí. Àwòrán mi kì í ṣe dókítà. Bí mo bá fi àmì síbi tí kò yẹ lórí kọ̀ǹpútà, màá pa á rẹ́, màá tún un fi. Bí mo bá yàn fún yín tí ẹ ò sì lè rìn mọ́, ta ló máa bá mi pa ìyẹn rẹ́? Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà láìmọye ìgbà. Ó rọrùn láti kọ̀wé nípa egungun. Ohun tí mo rò, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń gbé àjà kẹta kò lè máa fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ títí ayé.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ bèèrè. Ní òkè iṣan inú, níbi tó ti hù lára egungun itan, hóró egungun kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà. Kì í ṣe ti ọdún yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní irú ẹ̀ máa ń hù níbi tí iṣan bá ti ya rí tí kò sì rí ìtọ́jú, ó sì pẹ́. Nítorí rẹ̀ ni mi ò ṣe mọ ibi tí màá fi àmì mi sí. Ṣé ẹ ti ṣubú rí?

Nilüfer


Bremen
Ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1997

Nilüfer ọmọ mi,

Mo kí ọ. Igi ti wọ́wé tán níbí. Mo pẹ́ kí n tó fèsì, torí mi ò mọ ọwọ́ tí màá fi mú lẹ́tà rẹ. Mo fi í sínú àpótí, mo mú un jáde, mo tún fi í padà.

Ní ti ìyá mi, òótọ́ lo sọ.

Ní ti hóró egungun, dókítà ibí náà ti bi mí. Mo ní mi ò rántí. Mo rántí.

Ọdún 1979 ni, ìgbà ìrúwé. Ìyá mi fi wáyà ránṣẹ́ pé ibà dá ọ dùbúlẹ̀, pé o ò jẹun mọ́, o ò sì mọ èèyàn mọ́. Mi ò tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo kàn lọ. Ní Munich, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí İstanbul ti ń rọra gbéra kí n tó dé ẹ̀bá rẹ̀. Mo ju àpò wọlé, mo di irin ilẹ̀kùn mú, ẹsẹ̀ òsì mi sì bọ́ sáàárín àtẹ̀gùn ọkọ̀ àti ilẹ̀. Orúnkún yí sínú. Ọkùnrin kan ará Konya fi ọwọ́ méjèèjì fà mí wọlé, ó ní, "Arábìnrin, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́la." Mo ní, "Ọ̀la lè pẹ́ jù."

Èrò kún ọkọ̀ náà bámúbámú. A la Yugoslavia kọjá, a la Bulgaria kọjá, ẹsẹ̀ mi wú títí mo fi tú ìránṣọ ṣòkòtò mi. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ní Belgrade lọ rí dókítà. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀nà, àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà, mi ò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé.

Nígbà tí mo dé Ödemiş, ibà ti lọ. O jókòó lágbàlá, o rù bí igi ìdáná, o ń jẹ búrẹ́dì. Mo ń tiro bọ̀. O dìde, o sá sẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ìyá rẹ rèé." O ní, "Ìyá mi kì í tiro." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo padà, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn sí ipò mi. Ẹsẹ̀ náà sàn fúnra rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ṣubú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Nítorí náà, fi àmì rẹ síbi tó bá yẹ.

Mo ti fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà. Inú oṣù kìíní ni. Kì í ṣe nítorí pé o ní kí n ṣe é. Mo ṣe é nítorí àtẹ̀gùn.

Ìyá rẹ


İzmir
Ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 1997

Ìyá mi,

Mo fi ẹnu ko ọwọ́ yín méjèèjì.

Mo rántí obìnrin tó wọ àgbàlá lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọmọláńgídi kan wá tí bàtà rẹ̀ ṣeé bọ́. Mo máa ń rò pé ìbátan wa kan láti Aydın ni. Ẹ gbọ́ mi yé: mo rántí rẹ̀, mo rántí bó ṣe ń tiro, mo sì ń bínú sí yín láti ìgbà náà wá pé ẹ ò wá. Nínú orí mi, èèyàn méjì ni yín. Ìyá àgbà kò bá mi sọ ọ́ rí. Bóyá ó rò pé mo mọ̀.

Yàrá iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo ní láti jáde síta, mo dúró lẹ́yìn ilé níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mu sìgá, títí ara mi fi balẹ̀. Mo padà, mo gbé àmì mi kúrò lórí hóró náà, mo fi í sísàlẹ̀ níbi tí iṣan ti hù kí ẹ tó ṣubú ní Munich. Mo tún orúnkún náà ká. Gbogbo ìlà dúró sáyè, èyíkéyìí kò fà ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tarhan bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Mo ní ìyá mi ló sọ fún mi. Ó wò mí títí. Mi ò sọ fún un rí pé ẹ̀yin lẹ ni orúnkún náà.

Mo ti kọ̀wé béèrè físà. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé yín wọlé. Ẹ má sọ pé kí n má wá.

Nilüfer


Bremen
Ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1998

Nilüfer mi,

Má sunkún nítorí físà tí kò tètè jáde. Ìwé wọn ni, wọ́n á fún ọ nígbà tó bá wù wọ́n. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, ó sì lọ dáadáa.

Àárọ̀ tí wọ́n ń tì mí lọ, nọ́ọ̀sì bi mí ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo fún un ní orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ilé onílé rẹ. Ó ní ẹni tó wà nítòsí ni òun ń bèèrè. Mo ronú, mo ronú, mo fún un ní orúkọ Ìyá Lührs, n ò sì tíì wọ inú ilé obìnrin náà rí.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọmọ mẹ́ta, wọ́n kún yàrá, wọ́n ń jẹ ọsàn. Mo kọjú sí ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Lührs wọlé pẹ̀lú kéèkì tó fi aṣọ bò. Ó búra fún mi pé kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń fi ẹlẹ́dẹ̀ sí kéèkì. Ó ní òun kò mọ̀, òun kàn fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Mo jẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ náà kì í fẹ́ ká. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ máa ká a lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gan.

Ìyá rẹ


İzmir
Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 1998

Ìyá mi,

Wọ́n ti fún mi ní físà. Màá dé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. Ẹ má wá sí pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ rárá. Mo mọ àdírẹ́sì yín, mo ti ń kọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ọ́kọ. Kí ni kí n mú wá? Ẹ sọ òótọ́.

Nilüfer


Bremen
Ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 1998

Nilüfer ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé o ti délé, torí Ìyá Lührs bá mi gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, wọ́n ní ojú ọ̀run mọ́ títí dé ọ̀dọ̀ yín. Mo kí ọ kú ìrìn. O gbàgbé aṣọ ìnujú rẹ. Mi ò tíì fọ̀ ọ́.

Nígbà tí o dé, mo dúró sórí àtẹ̀gùn òkè, o dúró sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ. A wo ara wa. Mo rí i pé o ń wo orúnkún mi ná kí o tó wo ojú mi, mi ò sì bínú. Èmi náà, bàtà rẹ ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ó gba ẹsẹ̀ rẹ.

Mo rò pé a ó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè ọ́. A ò sọ ọ́. Láràárọ̀ o máa ń jókòó sórí àga kékeré yẹn, o máa ń gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ, ọwọ́ kan lábẹ́ orúnkún, ọwọ́ kan ní ọrùn ẹsẹ̀, o máa ń ká a díẹ̀díẹ̀. Bó bá dùn mí, o máa ń dúró kí n tó sọ. Mi ò mọ bí o ṣe máa ń mọ̀. Ọwọ́ rẹ tutù, ó sì le, ó jọ ti bàbá rẹ. Láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, o ò fọwọ́ kàn mí rí bí kò ṣe pé ẹnì kan ní kí o wá kí mi.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni o bi mí ní nǹkan tí kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Òjò ń rọ̀. O ò gbójú sókè. O ní, "Ṣé ẹ máa ń sunkún níbí?"

Mo ní, "Ní ọdún àkọ́kọ́."

O ní, "Èmi náà."

O sì ń bá a lọ, o ń ká ẹsẹ̀ mi.

Mo rò pé ohun tí a ní láti sọ nìyẹn, a sì ti sọ ọ́. Mi ò mọ̀. Bóyá ó kù. Bí ó bá kù, kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ibẹ̀ lo ti máa ń gbójú.

Ìyá Lührs bi mí bóyá o máa padà wá. Mo ní o ní iṣẹ́, o ní ayé tìrẹ. Ó bi mí bóyá èmi ń lọ bá ọ. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ mọ́ ní Ödemiş àfi àwọn tó wà ní itẹ́ òkú, kò sì sí ẹni tí mo mọ̀ níbí àfi òun. Mi ò fẹ́ tan ọ́ jẹ mọ́. Wá nígbà tí o bá lè wá.

Orúnkún náà ń ká dáadáa. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà lánàá, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ gbogbo àtẹ̀gùn. Láàárọ̀ yìí, mo po tíì, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo na ẹsẹ̀ òsì sórí àga kékeré yẹn. Tíì ti tutù kí n tó rántí pé èmi fúnra mi ni màá ká a.

Ìyá rẹ,
Satı